Ẹ Má Tíì Ra Gìtá Oníná

Owó tí PTA fún Ẹgbẹ́ Orin ilé ìwé wa kò lè ra ju ohun èlò olókùn kan ṣoṣo lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ní asẹ́ńbìlì ni ariwo ti gbòde: gìtá oníná, gìtá oníná! SS2 ń pariwo ẹ̀, JSS náà ń gbè é. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Ibo la ti fẹ́ máa ta á? Kí ni yóò sì máa bá ṣeré?

Pápá la ti ń ṣeré. Ọmọ Ìgbómìnà ni wá, ìlù kì í wọ́n lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ àṣà, dùndún wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, agogo wà níbẹ̀, èrò náà ò sì ní dákẹ́. Gìtá oníná láìsí iná, igi lásán ni. NEPA ò ṣeé gbọ́kàn lé, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, a ó tún ra áńpù. Ta ló ka gbogbo ìyẹn mọ́ owó PTA? Gìtá onígi tí kì í lo iná ńkọ́? Ohùn ẹ̀ dùn, àmọ́ ìyáàlù kan ṣoṣo á bò ó mọ́lẹ̀.

Apá kan ìṣòro wa ni pé ohunkóhun tó bá ti ní okùn, gìtá la ń pè é. Àwọn bàbá wa náà ṣe irú ẹ̀: dùùrù ni Dáfídì fi tu Sọ́ọ̀lù lára, dùùrù kan náà la tún ń pe èyí tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọ onílù tó máa pe gángan ní ìyáàlù.

Ẹ jẹ́ ká wo mándólìn. Ítálì ló ti wá, ìlú Naples sì wà lára ibi tó ti gbajúmọ̀ jù. Okùn onírin mẹ́jọ ló ní, àmọ́ méjì-méjì ni wọ́n so wọ́n, ohùn méjèèjì á sì bára mu. Ohùn mẹ́rin ló ń jáde: G, D, A, E, bíi ti violin gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìka ń lọ lórí mándólìn, ó ti mọ ìdajì violin nìyẹn. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń fà á ló kù. Mándólìn ní ẹbí bíi ti dùndún. Mandola tóbi jù ú díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ jù ú lọ. Mandocello tún rẹlẹ̀ ju mandola. Mandobass ni baba gbogbo wọn. Ibi tí gbogbo ẹbí bá péjọ sí ni àwọn ńláńlá yìí ti wúlò, àwa ò sì lówó gbogbo ẹbí.

Èyí tí mo fẹ́ kí á rà ni bánjò-mándólìn. Ọrùn mándólìn ni, okùn mẹ́jọ, ohùn kan náà, àmọ́ dípò ikùn onígi, awọ ni wọ́n ta sójú rẹ̀ róbótó bíi ti sákárà. Awọ yẹn ló ń mú kí ohùn rẹ̀ ta síta, kó sì lọ jìnnà. Kì í sì í ṣe àlejò pátápátá. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun ló gbé ọgbọ́n bánjò dé Amẹ́ríkà. Akonting tí àwọn Jola ń ta ní Senegal àti Gambia jọ ọ́ gan-an: igbá ni ikùn rẹ̀, awọ ni ojú rẹ̀. Mólò olókùn mẹ́ta tí àwọn Hausa ń ta, tí àwọn onísákárà wa náà ta nígbà kan, awọ ló wà lójú òun náà.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ jùjú l'Ékòó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Tunde King kọrin sínú àwo fún Parlophone ní 1936, bánjò ló sì bá irú orin bẹ́ẹ̀ rìn nígbà náà. Ayinde Bakare ta ukulele-bánjò, ìbátan kékeré tó ní okùn mẹ́rin. Ìgbà tó di 1949 ló gbé gìtá oníná wọ inú jùjú. Kí áńpù tó dé, awọ ni áńpù wọn. Ilé ìwé tiwa, kí á má purọ́, kò tíì kúrò níbi tí wọ́n wà ṣáájú 1949.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní SS3 ní tó bá jẹ́ ti awọ ni, kí la ń wá ra ti òyìnbó sí, kí á ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ mólò fún wa. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló mi ọkàn mi. Èsìẹ́ tí kò jìnnà sí wa yìí ni wọ́n ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 1945, nítorí àwọn ère òkúta. Kò yẹ kó jẹ́ àwa la máa jẹ́ kí mólò parun. Àmọ́ ta ló máa kọ́ wa? Gòjé ti gba ipò ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onísákárà. Ohun èlò tí kò bá ní olùkọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò máa gbé. Olùkọ́ orin wa mọ violin, nítorí náà wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní bánjò-mándólìn lọ́sẹ̀ tí a bá rà á. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi wá ẹni tó ń ta mólò rí, kí ó mú un wá. Màá tì í lẹ́yìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Bánjò-mándólìn ní àbùkù tiẹ̀ o. Okùn irin méjì-méjì ń dun ìka, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ á le. Bí òjò bá ń rọ̀, awọ á dẹ̀, a ó sì máa yí okùn ṣáá. Ohùn ẹ̀ tún máa ń tètè kú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta fi máa ń gbọ̀n ọwọ́ sókè sódò kíákíá kó lè máa dún lọ. Fún orin àdúrà jẹ́jẹ́, gìtá sàn jù ú. Mo gbà.

Ọjọ́ Friday ni Ẹgbẹ́ Orin máa dìbò. Bí wọ́n bá gbọ́ tèmi, kí ẹni tí wọ́n bá rán bi oníṣòwò bóyá awọ gidi ló wà lójú rẹ̀ àbí ọ̀rá, nítorí ọ̀rá kì í fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀ lójò. Kí ó sì gba odindi okùn mẹ́jọ mìíràn mọ́ ọn, torí ọjọ́ tí ọ̀kan bá já, a lè má rí i rà l'Ọ́mù-Àrán.