Ta Ló Pọn Èyí? Ọ̀rọ̀ Lórí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti Oúnjẹ Àlejò ní Ẹdẹ

 

Láìpẹ́ yìí, àwọn ẹbí kan pè mí síbi ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun ní agboolé wọn nílùú Ẹdẹ. Gbogbo ohun tó yẹ ni wọ́n pèsè. Obì wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀, ẹ̀kọ wà, ẹ̀fọ́ yánrin sì wà nínú àwo. Nígbà tó kan ọtí, ọ̀dọ́kùnrin kan ṣí páálí, ó mú ìgò bíà méjì àti ìgò jíìnì kan jáde, ó tò wọ́n síwájú ojúbọ. Ìyá àgbà tó jókòó níbẹ̀, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wo àwọn ìgò náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló pọn èyí?"

Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ilé-iṣẹ́ ni." Ìyá náà mi orí. Ó ní kí á máa bá ètò wa lọ, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá mi délé, òun ni mo sì fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí.

N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bú ẹni tó ń mu bíà. Èmi náà ń mu ún. Ohun tó ká mi lára ni pé ọtí tí a mọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ ara wọn pọn. Bí ẹmu ṣe jẹ́ ti Ògún, bẹ́ẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ jẹ́ ti Ọ̀ṣun. Ìlú tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn kọjá lẹ́bàá rẹ̀, tí kò wá lè rí igbá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan gbé fún un, ó yẹ kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo padà lọ bá Ìyá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Àgbàdo gbígbẹ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. A óò ṣa èyí tó ti bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, a óò fọ ìyókù, a óò sì rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì, a ó máa pààrọ̀ omi náà. Lẹ́yìn èyí, a óò ro omi rẹ̀ dànù, a óò tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a óò fi ewé mìíràn bò ó, a ó sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Nígbà tó bá hù dáadáa, a óò sá a sí oòrùn kí ó gbẹ. Híhù yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà, nítorí òun ló ń sọ ìyẹ̀fun inú ọkà di adùn. A óò wá lọ̀ ọ́, a óò pò ó mọ́ omi, a óò sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a óò sẹ́ ẹ, a óò sì jẹ́ kí ó tutù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí a pọn ṣáájú ni a óò fi sí i láti mú un hó. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ìfófó yóò ti bo orí rẹ̀. Yóò dùn díẹ̀, yóò kan díẹ̀, yóò sì máa ta ahọ́n.

Iṣẹ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, fún ọtí tí kò ní pẹ́ tí yóò fi kan jù. Kò ṣeé kó pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣeé fi ọkọ̀ gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àdúgbò ẹni tó pọn ọ́n ni a ti ń mu ún. Ìdí nìyí tí ìbéèrè Ìyá fi mú ọgbọ́n dání. Nígbà tirẹ̀, kò sí igbá ọtí kan tí a kò mọ ọwọ́ tó pọn ọ́n, a sì mọ oko tí àgbàdo rẹ̀ ti wá.

Irú iṣẹ́ yìí náà ni àwọn ọlọ́tí ìgboro ń wá kiri báyìí. Wọ́n ní bíà ilé-iṣẹ́ ńlá ti sú àwọn, bíà àfọwọ́pọn ni àwọn fẹ́, èyí tí ilé ìpọntí kékeré pọn níwọ̀nba, tí àtọ́wò ìkòkò kan kò jọ ti èkejì. Ilé ìpọntí irú èyí kan wà tí ń jẹ́ Bature Brewery, tí wọ́n mọ̀ ní Àbújá àti Èkó. Bàtúrè ni àwọn Hausa ń pe òyìnbó. N kò rí ohun tó burú nínú iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé orúkọ òyìnbó ló bá wa gbé irú iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe kí òyìnbó tó dé padà wá bá wa.

Báwo ni a ṣe dé ibi tí a dé yìí? Òwò etíkun ló kọ́kọ́ gbé jíìnì àwọn ará Hóláǹdì wọlé. Nígbà tó yá, ó di ọtí ààfin, ó di ọtí ìdána, ó sì dé ojúbọ. Ìjọba amúnisìn fòfin de ògógóró tí àwa ń sè, bẹ́ẹ̀ ni jíìnì òkèèrè ń san owó ibodè wọlé. Lẹ́yìn náà ni bíà dé. Ọdún 1949 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ International Breweries bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní Iléṣà, tí kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni Trophy sì ti wá. Ìgò di àmì ọ̀làjú, ahá àti akèrègbè di ohun tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn náà. Ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì híhù wọlé láti òkèèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti gbójú lé ọkà Yúróòpù wá ohun mìíràn lò tipátipá. Kí ni wọ́n rí? Ọkà bàbà àti àgbàdo. Wọ́n gbé òfin náà kúrò nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọkà ilẹ̀ wa kò kúrò nínú bíà Nàìjíríà títí di òní. Ohun tí à ń pè ní ọtí àwọn tálákà ni ọlọ́rọ̀ padà wá fi ṣọrọ̀.

Ìdí mìíràn wà tí ìbéèrè Ìyá kò fi yẹ ní fífi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn kò ríran mọ́, àwọn mìíràn kò sì ju ọjọ́ kan lọ tí wọ́n fi kú. Kí àyẹ̀wò tó jáde, ariwo ti gba ìlú pé òrìṣà Màlókun ló ń bínú nítorí àwọn tó wọ ojúbọ rẹ̀ láìtọ́. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, methanol ni wọ́n rí, májèlé tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó bá a lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró lọ́dún náà.

Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ẹnìkan ló ta májèlé fún ọmọ ẹlòmíràn mu, òrìṣà ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti béèrè pé "Ta ló pọn èyí?" kí ó tó gbé e sẹ́nu, bóyá ọ̀pọ̀ wọn ì bá ṣì wà láàyè. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe ògógóró. A kì í fi iná gba oje rẹ̀, kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ní ewu tirẹ̀. Àgbàdo tó bá ti bu ní májèlé tí sísè kò lè pa. Ṣíṣà tí Ìyá ní kí á ṣa àgbàdo kì í ṣe ìmọ́tótó ojú lásán, ẹ̀mí èèyàn ló ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe tọ́jú tiwọn. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì kan wà tí wọ́n fi ayé sílẹ̀ tí wọ́n ń gbé pọ̀ nínú ọgbà àdúrà, tí à ń pè ní Trappist. Wọ́n ń pọn bíà ní Westvleteren, ní Orval àti ní Chimay. Òfin wọn kò ṣòro: inú ọgbà náà ni kí a ti pọn ọ́n, lójú àwọn ẹlẹ́sìn náà ni kí ó ti ṣẹlẹ̀, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ sí ìtọ́jú ọgbà àti àánú ṣíṣe. Láti ìlú jíjìn ni àwọn olólùfẹ́ bíà ti ń lọ sí Westvleteren. Ní ọdún 2016, àjọ UNESCO kọ àṣà bíà Bẹ́ljíọ̀mù sínú ìwé ogún aráyé. Àjọ yìí kan náà ló kọ igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ìwé tirẹ̀ ní 2005. Àwọn tó ń sin Ọlọ́run wọn lọ́hùn-ún kò tijú ìkòkò ọtí wọn. Kí ló dé tí àwa ń tijú tiwa?

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, àwọn àlejò ń ti gbogbo ayé wá sí Òṣogbo, wọ́n sì ń yà sọ́dọ̀ wa. Kí ni à ń gbé fún wọn jẹ? Ìrẹsì àti ìgò tútù, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ Ẹdẹ kì í ṣe oúnjẹ tí a ń fi pamọ́. Ìlú Tìmì Olófà Iná, ẹni tí ìtàn so mọ́ Ṣàngó, kò gbọdọ̀ tijú àmàlà àti gbẹ̀gìrì. Mo ti fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Ìyá tọ́ oúnjẹ wò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ó bá ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ yánrin mu jù lọ, nítorí kíkorò yánrin àti adùn ọtí náà ń gbé ara wọn. Ó bá àkàrà gbígbóná mu, ó ń gé epo kúrò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò bá gbẹ̀gìrì rìn dáadáa. Àwọn méjèèjì ló nípọn, inú a sì tètè kún. Omi tútù ni kí ẹ fi jẹ ìyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé Ẹdẹ kì í ṣe ìlú ọtí, pé àwọn Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Láti ọ̀rúndún 19 ni Tìmì Abíbù Lágúnjú, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ti jọba níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀: kí á má gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò mu ún, kí á má sì fi ariwo ọ̀mùtí da àdúgbò rú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Tìmì Adétóyèsè Láoyè, tó gorí oyè ní 1946. Onígbàgbọ́ ni, síbẹ̀ ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù, ó sì sọ ìmọ̀ ìlù Yorùbá di mímọ̀ fún aráyé. Ó mọ̀ pé ogún ìlú kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo.

Nínú ilé tiwa náà, a ní èèwọ̀ tó ń kọ́ wa. Àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, gbogbo wa ló sì mọ ìtàn ohun tí ọtí fà nígbà tí ó ń mọ ènìyàn. Ẹ̀sìn tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún òun. Fún ẹni tí kì í mu ọtí àti fún àwọn ọmọdé, a lè bu omi àgbàdo náà ní dídùn kí a tó fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, kí wọ́n mu ún ní tútù lọ́jọ́ náà gan-an.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ̀ yín fún. Èkínní, kí ẹgbẹ́ Ọ̀ṣun kọ̀ọ̀kan ní Ẹdẹ yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ṣẹ́ kù, kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì, kí a kọ orúkọ ẹni tó pọn ọtí àti ọjọ́ tó pọn ọ́n sára kẹ́ẹ̀gì, kí ẹnikẹ́ni má sì pò ó mọ́ ògógóró tàbí kẹ́míkà kankan. Ẹ̀kẹta, kí a máa tà á pẹ̀lú oúnjẹ, kí a má tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tó bá sì fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò fún títà níta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ NAFDAC lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, kí ojúbọ Ọ̀ṣun kan ṣoṣo ní Ẹdẹ, ó kéré tán, ti ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a pọn nílé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Ọmọbìnrin méjì láti agboolé tí mo sọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pọn kan jù. Ìyá tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó ní kí wọ́n lọ rẹ àgbàdo mìíràn. Wọ́n ti rẹ ẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun mìíràn bá dé, tí Ìyá bá tún béèrè pé ta ló pọn èyí, ẹnìkan yóò lè dìde kí ó sì sọ pé, "Èmi ni, Ìyá."

Ire o. Àṣẹ.