Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Èéfín Tí Kò Rí Ọ̀nà Lọ



Ní àsìkò òjò tí ó kọjá, ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó pè mí wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ó ní fáànù tí a fi sínú ògiri láti máa fa èéfín jáde ti bàjẹ́, òun sì ti ń tọ́jú owó láti ra òmíràn. Ojú ìyá náà pọ́n, ọmọ rẹ̀ kékeré sì ń wúkọ́. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n èéfín sítóòfù kò kúrò lójú kan. Mo gbé ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ẹnu rẹ̀. Agbára káká ni ó fi fà á. Nígbà náà ni mo wo fèrèsé: ó ti fi ọ̀rá bò ó pa nítorí ẹ̀fọn, ó sì ti fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí eruku. Mo ní kí ó ṣí fèrèsé náà níwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Lójú ẹsẹ̀, fáànù gba ìwé náà mọ́ra pinpin, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Fáànù kò bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà wọlé.

Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé agolo mílíìkì tí a lu ní ihò kan ṣoṣo kì í dà dáadáa. Ihò kejì ni í jẹ́ kí ó dà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé rí. Bí a bá fẹ́ kí afẹ́fẹ́ búburú jáde, a ní láti ṣílẹ̀kùn fún èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ. Èkíní, ẹ fi ìwé dán fáànù wò, nígbà tí fèrèsé wà ní títì àti nígbà tí ó wà ní ṣíṣí. Èkejì, bí kò bá gba ìwé mọ́ra síbẹ̀, ẹ pa iná, ẹ yọ ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ fọ ọ̀rá tí ó dì mọ́ apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí omi kan ibi tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ jáde síta lọ wo ẹnu rẹ̀, nítorí ẹyẹ àti agbọ́n a máa kọ́lé síbẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá inú àjà ni ó ń tú èéfín sí, kì í ṣe ìta. Irú èéfín bẹ́ẹ̀ yóò tún padà wá. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá ń kùn tí kò sì yí, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ẹni tí kò ní fáànù kò ṣe aláìní olùrànlọ́wọ́. Ní ìhà tiwa, ìwọ̀-oòrùn gúúsù, láti ojú òkun, ni afẹ́fẹ́ àsìkò òjò ti ń wá. Ti ọyẹ́ sì ń ti ìlà-oòrùn àríwá wá. Fèrèsé méjì tí ó dojú kọ ara wọn sàn ju mẹ́ta lọ lójú ògiri kan. Yàrá tí aṣọ ń bu nínú àpótí, tí ògiri sì ń ní àbàwọ́n dúdú, irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ́. Àwọn ìyá tí ń yan ẹja ní etí omi, ní agbègbè Ògùn Waterside, mọ̀ pé èéfín gbígbóná a máa gòkè: kí wọ́n dá ihò sí òkè lábẹ́ òrùlé fún un láti jáde, kí wọ́n sì dá òmíràn sí ìsàlẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tútù láti wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìrọ̀rùn nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa tó ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ní gbogbo ayé, àwọn ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún tí ó wà nínú wọn sì ju 237,000 lọ.

Ìkìlọ̀ kan ṣẹ́ kù, pàápàá fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbé yàrá ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí yunifásítì ti wà láti ọdún 1982. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti èédú, tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. A máa gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa pa ènìyàn lójú oorun. Kò sí fáànù tàbí fèrèsé tí ó tó láti ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìta gbangba ni ààyè rẹ̀, kí ó sì jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé gbogbo. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá sùn. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì sì ń gbé wọn, ẹ má ṣe sọ pé ibà ni. Ẹ kó ara yín jáde síta ná, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn, kò ra fáànù mọ́. Ó fi díẹ̀ nínú owó náà ra nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé. Ẹ̀fọn kò wọlé, afẹ́fẹ́ ń wọlé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.