Òyìnbó ń ti ọ̀nà pa kí wọ́n tó fi alùpùpù díje, kí ló dé tí àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀?

Lọ́dọọdún, nígbà tí Oṣù Kẹjọ bá ń parí lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kékeré kan tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Ireland. Isle of Man ni wọ́n ń pe erékùṣù náà. Wọn kò lọ ṣòwò, wọn kò lọ síbi ìsìnkú, wọn kò sì lọ wá iṣẹ́. Eré ìje alùpùpù àtijọ́ ni wọ́n lọ wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú títì tí àwọn ará abúlé ń gbà lọ sọ́jà ni wọ́n sì ti ń sáré. Ọ̀pọ̀ àwọn òǹwòran ló ń sùn nínú àgọ́, nínú pápá, tí òjò ń rọ̀ lé wọn lórí.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ lè sọ pé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. A kò ní bá a jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n a ti fara balẹ̀ ka ìtàn ọ̀rọ̀ náà, a sì ti bá ará Kétu kan tó ń tún ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe ní Liverpool sọ̀rọ̀, ẹni tó ti lọ pàgọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a rí ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ní ẹ̀kọ́ nínú fún àwa tí alùpùpù jẹ́ ẹsẹ̀ wa. Èrò wa nìyí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi alùpùpù díje mọ́ lójú ọ̀nà ní agbègbè wa, ìbáà ṣe ọjọ́ ọdún, ìbáà ṣe ọjọ́ ìsìnkú, àfi bí a bá kọ́kọ́ ti ọ̀nà náà pa, tí a sì fi olùṣọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo bí tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, òfin kò gbà kí wọ́n ti ọ̀nà ìjọba pa nítorí eré ìje. Ṣùgbọ́n Isle of Man ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Tynwald, àwọn ìyẹn sì gbà. Ní ọdún 1907 ni ìdíje TT kọ́kọ́ wáyé níbẹ̀. Láti ọdún 1911 ni wọ́n ti ń lo ọ̀nà orí òkè, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 60. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Douglas, ó gba Kirk Michael, Ballaugh, Sulby àti Ramsey, ó wá gun ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell kó tó padà sí Douglas. Kọ́nà tó wà lójú ọ̀nà náà lé ní 200. Ní ọdún 1957, Bob McIntyre ni ẹni àkọ́kọ́ tó yí ọ̀nà náà ká ní ìwọ̀n eré tó ju máìlì 100 lọ ní wákàtí kan. Ní ọdún 1959, ilé iṣẹ́ Honda kó alùpùpù wá láti Japan, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1961, Mike Hailwood fi Honda borí. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ orúkọ tí gbogbo mẹkáníìkì wa mọ̀ lónìí.

Ìdíje kejì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà ní ọdún 1923. Manx Grand Prix ni wọ́n ń pè é báyìí. Inú rẹ̀ ni àwọn alùpùpù àtijọ́ ti ń sáré: Norton, AJS, Matchless, Honda àtijọ́ àti irú wọn, tí a ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ọdún 1973 tó dé. Ará wa tó wà ní Liverpool sọ fún wa pé ohun tó kọ́kọ́ bá òun ni òórùn. Ọ̀pọ̀ àwọn alùpùpù náà ń lo òróró tí wọ́n fi èso lárà ṣe, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tún wọn ṣe. Àwọn bàbá arúgbó ló ń di bóòtù wọn, àwọn ọmọ ọmọ wọn á sì di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ̀yà ara alùpùpù tí kò sí lọ́jà mọ́, wọ́n ń rọ ọ́ fúnra wọn ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ sún mọ́ wọn láti bèèrè ọ̀rọ̀, wọn kì í lé e.

Báwo ni ẹni tó pàgọ́ ṣe ń gbé níbẹ̀? Pápá àgbẹ̀ tàbí pápá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò ló máa ń yá. Á san owó alẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ibi omi, ilé ìgbẹ́ àti ibi ìwẹ̀ hàn án. Ẹni tó gbọ́n kì í pàgọ́ sí kòtò, nítorí òjò. Á fi pákó pẹlẹbẹ tàbí agolo tí a tẹ̀ pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tí alùpùpù rẹ̀ fi ń dúró, kó má baà rì sínú ẹrẹ̀ kó sì ṣubú lóru. Á gbé rédíò dání, nítorí Manx Radio ló ń sọ fún gbogbo èèyàn ẹni tó wà níwájú, ẹni tí alùpùpù rẹ̀ kú sọ́nà, àti ìgbà tí ọ̀nà máa ṣí. Bí kùrukùru bá bo òkè, bààlúù hẹlikọ́pítà tó ń gbé aláìsàn kò ní lè fò, eré kò sì ní bẹ̀rẹ̀. Òǹwòran á jókòó, á mu tíì, á dúró. Ará wa ní nígbà kan, òun fi odindi ọjọ́ kan dúró, òun kò rí alùpùpù kan ṣoṣo.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù nìyí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òfin á ti ọ̀nà pa. Aago tí wọ́n máa tì í, gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọdá mọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí títì. Ẹni tó bá sọdá ti rú òfin. Àwọn olùṣọ́ ojú ọ̀nà wà káàkiri kọ́nà àti orígun, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Nǹkan bí 500 olùṣọ́ ni wọ́n nílò kí eré tó lè bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá pé, eré kò ní bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó. Àwọn ibi kan wà tí wọ́n ti kọ ọ́ sójú pátákó pé òǹwòran kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Tí olùṣọ́ bá ní kí o kúrò, wàá kúrò, ì báà jẹ́ olówó ni ọ́.

Àwọn ará abúlé náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ń ta tíì, kéèkì àti búrẹ́dì ẹlẹ́ran nínú gbọ̀ngán ìjọ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, owó rẹ̀ á sì lọ sínú àtúnṣe ilé ìjọsìn tàbí àpò ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn mìíràn ń fi yàrá ilé wọn gba àlejò. Èrò tó jẹ́ nǹkan bí 84,000 ló ń gbé ní erékùṣù náà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà wa mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí gbogbo wọn fẹ́ jẹun, kí wọ́n sì fẹ́ gbẹ.

Ṣé a ń sọ pé kò sí ewu níbẹ̀ ni? Rárá o. Láti ọdún 1911, àwọn tó ti kú lójú ọ̀nà orí òkè yẹn nígbà ìdíje àti ìdánrawò ti ju 250 lọ. Ògiri òkúta, ilé àti igi ló wà létí títì, kì í ṣe iyanrìn. Ọ̀pọ̀ òyìnbó fúnra wọn ló ń sọ pé kí wọ́n fòpin sí i, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn òǹwòran pàápàá, tí wọ́n bá ti rí àwọn olùdíje tán, àwọn náà á fẹ́ fi alùpùpù tiwọn sáré lójú ọ̀nà kan náà nígbà tó bá ṣí. Èyí pa èèyàn. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi sọ apá orí òkè di ọ̀nà tí a ń gbà lọ nìkan, tí a kì í gbà bọ̀, ní àkókò TT. Nítorí náà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìdíje Isle of Man wá sí Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé, ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu níbẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í wewu ni, wọ́n sì sapá kí ó má fi ẹ̀mí ẹlòmíràn kún tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 2023, àwọn tó ń ṣàkóso eré alùpùpù ní Àríwá Ireland kéde pé kò ní sí ìdíje ní ọdún yẹn, nítorí owó asúráǹsì ti gòkè kọjá agbára wọn. Kí ni àwọn tó fẹ́ràn eré náà ṣe? Wọn kò sọ pé kí wọ́n máa díje láìsí asúráǹsì. Wọ́n dá owó jọ, títí tí ìdíje North West 200 fi wáyé nínú Oṣù Karùn-ún. Ohun tó yé wọn ni pé bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ san owó ìtọ́jú. Bí a kò bá mọ ẹni náà ṣáájú, ẹni tó fara pa ló máa san án.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé wàyí. Ní agbègbè wa, zẹ́mìjàn ló ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń gbé àgbàdo àti gàrí lọ sọ́jà, òun ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Orúkọ rẹ̀ gan-an ní èdè Fọ̀n ń sọ pé kí wọ́n gbé èèyàn kíákíá. A kò kórìíra alùpùpù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìsìnkú gbajúmọ̀, ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ní ọjọ́ ọdún tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ á tò sójú títì, wọ́n á gbé táyà iwájú sókè, ẹnì kan á dúró lórí ìjókòó, òmíràn á ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Kásíkì kò sí lórí. Ìyá tó ń ta àkàrà wà létí ọ̀nà, ọmọ tó ń ti odò bọ̀ fẹ́ sọdá, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn kò mọ ohun tó ń lọ. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá kú, a ó ní kádàrá ni.

Kì í ṣe kádàrá. Ẹni tó ń ta àkàrà kò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kankan.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní òyìnbó lówó láti ti ọ̀nà pa, àwa kò ní. Ṣé a kì í ti ọ̀nà pa ni? Bí orò bá fẹ́ jáde, ṣé kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ṣáájú, tí oníkálùkù sì ń mọ ibi tí kò yẹ kó wà? Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá fẹ́ jáde, ṣé a kì í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí eégún lè ráyè jó ni? Títi ọ̀nà pa kò ṣàjèjì sí wa. Okùn, igi méjì, àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan tó wọ aṣọ kan náà, àti ìkéde lórí rédíò àdúgbò ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kò sí èyí tí owó rẹ̀ ju apá wa lọ nínú wọn. Àwọn mìíràn á ní àwọn ọ̀dọ́ kò ní gbà. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí èèyàn wò wọ́n ni. Bí ẹ bá fún wọn ní pápá, tí ẹ pe èrò wá, tí ẹ sì fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù ní ẹ̀bùn, wọn kò ní wá ojú títì lọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin mẹ́yà àti olórí àdúgbò, ẹ má ṣe fọwọ́ sí àríyá tí alùpùpù máa díje nínú rẹ̀, àfi tí wọ́n bá sọ ọ̀nà tí wọ́n máa tì, aago tí wọ́n máa tì í, àti orúkọ àwọn tó máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ zẹ́mìjàn, ẹ̀yin lẹ mọ ojú ọ̀nà jù, ẹ̀yin ni iṣẹ́ olùṣọ́ yẹ. Ẹ̀yin ẹbí olókùú, bí ẹ bá lè san owó onílù àti owó àgọ́, ẹ fi owó kásíkì àwọn ọmọ tó ń ṣaájú òkú kún un. Ẹ̀yin òǹwòran, ẹ kúrò létí títì. Ibi tí alùpùpù máa gbà bí ó bá ṣubú, ẹ má ṣe gbé ọmọ dúró síbẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kérésìmesì ọdún yìí kò ní pẹ́ dé mọ́. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìpàdé àdúgbò tó ń bọ̀ yìí ti tó láti sọ ọ́.