Ta ló ń jẹ ọ̀fẹ́ ọkọ̀ ní Luxembourg?

Ó ti pẹ́ tí àwọn aláṣẹ Luxembourg ti ń fi ọkọ̀ ọ̀fẹ́ yangàn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2020 ni bọ́ọ̀sì, tráàmù àti rélùwéè ti di ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè kékeré náà, àfi ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí kíláàsì kìíní nínú rélùwéè. Wọ́n ní kò sí orílẹ̀-èdè tó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dárúkọ ẹni tó ń sanwó rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo owó náà. Kí ọkọ̀ tó di ọ̀fẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí méjì jẹ́ 2 yúrò, ti odidi ọjọ́ kan jẹ́ 4 yúrò. Gbogbo ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì ń pa wọlé lọ́dún nígbà náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 41 yúrò lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ń ná ìjọba ní nǹkan bí ìdajì bílíọ̀nù. Nínú yúrò 10 tí wọ́n bá ná, èrò ọkọ̀ kì í san tó 1. Owó orí ló ń gbé ìyókù. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún kò tilẹ̀ sanwó mọ́ láti ọdún 2018. Ẹ̀bùn tí François Bausch, mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, gbé kalẹ̀ kéré púpọ̀ sí ariwo tó bá a rìn.

Àwọn wo wá ni owó orí yìí ń ti ọwọ́ wọn wá? Lára wọn ni òṣìṣẹ́ tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá tó ń ti Faransé, Bẹ́ljíọ̀m àti Jámánì wọlé lójoojúmọ́. Wọ́n sún mọ́ ìdajì gbogbo òṣìṣẹ́ Luxembourg. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó orí kúrò nínú owó oṣù wọn. Síbẹ̀, ẹnubodè ni ọ̀fẹ́ parí sí. Òṣìṣẹ́ tó bá wọ rélùwéè láti Thionville ní Faransé ń sanwó títí dé ààlà, lẹ́yìn náà ni ọ̀fẹ́ tí òun náà dá owó sí tó kàn án.

Ìwà yìí kò dára.

Ohun tó tún mú un burú ni ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbé lódìkejì ààlà. Ilẹ̀ àti ilé wọ́n gógó ní Luxembourg débi pé àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ń kó lọ sí Arlon, Thionville àti Trier. Ọmọ onílẹ̀ tí owó ilé bá lé jáde di ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì padà wọ ìlú bàbá rẹ̀. Ẹni tó lágbára láti ra ilé nínú olú-ìlú ló ń jẹ ọ̀fẹ́ náà ní àjẹyó.

Ká má sì gbàgbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Luxembourg wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí mọ́tò ti pọ̀ jù lọ ní Yúróòpù tí a bá fi wé iye ènìyàn. Epo rẹ̀ rọjú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìta fi ń wá rà á níbẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí èéfín lórí rẹ̀, 20 yúrò lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó ń há sójú títì A31 láti Faransé láràárọ̀ kò há síbẹ̀ nítorí 2 yúrò. Rélùwéè tó kún, tó sì ń pẹ́, ló lé e sójú títì.

Ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe kò fara sin. Kí wọ́n bá Faransé pín owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè san, gẹ́gẹ́ bí àwọn méjèèjì ṣe fẹnu kò lọ́dún 2018 láti dá mílíọ̀nù 120 yúrò ẹnìkọ̀ọ̀kan fún ojú irin tó gba Thionville kọjá. Kí wọ́n kọ́ ilé tí òṣìṣẹ́ lè rà. Kí wọ́n sì wo ohun tí wọ́n ṣe ní Pfaffenthal.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń ti Ettelbruck bọ̀ láti àríwá, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kirchberg, níbi tí ilé ẹjọ́ àti báńkì Yúróòpù wà, máa ń bá rélùwéè kọjá lábẹ́ òkè ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó di ibùdókọ̀ àárín ìlú kó tó sọ̀, kó tó wá bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ kan sí ẹsẹ̀ òkè náà gan-an, ní Pfaffenthal, wọ́n sì gbé ọkọ̀ tí okùn irin ń fà síbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré, ó ti gbé èrò dórí òkè, tráàmù sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì kí ọkọ̀ tó di ọ̀fẹ́, àwọn ará àríwá kò sì dúró dè é kí wọ́n tó máa wọ̀ ọ́.