Ihò Pọ́kẹ́ẹ̀tì: Bí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Iṣẹ́ Igi Ṣe Lè So Pákó Pọ̀ Kó Dúró

Ojú ìsopọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù tàbí tábìlì ti máa ń jáwọ́. Wíwọn pákó kò le, fífi ayùn gé e náà ṣeé kọ́, ṣùgbọ́n kí pákó méjì pàdé kí wọ́n má sì mì, iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń gbẹ́ ihò sára igi kan, wọn a sì dín ẹnu igi kejì kù títí yóò fi wọ inú ihò náà rẹ́gí. Ọgbọ́n yẹn dára púpọ̀, àmọ́ ó ń gba ọdún kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, ìṣó ló máa ń kàn mọ́ ọn, nígbà tó bá sì yá, ìṣó á tú, ojú pákó á ṣí.

Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni jíìgì ihò pọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe wúlò. Dípò kí sukúrù gba iwájú pákó wọlé, ẹ̀yìn pákó ni a ó dá ihò sí, ihò tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n dígíríì 15. Sukúrù á gba inú rẹ̀, á yọ lẹ́nu pákó, á wọ inú pákó kejì, á sì fà á mọ́ra. Ihò náà fẹ̀ lókè kí orí sukúrù lè jókòó sínú rẹ̀, ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀ kí ó má baà kọjá. Iṣẹ́ jíìgì ni láti mú díríìlì dúró sójú kan. Ọ̀pá irin líle oníhò wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni bíìtì, ìyẹn irin ẹnu díríìlì tó ń lu ihò, ń gbà, kò sì lè yẹ̀.

Irú ihò yìí ti wà tipẹ́. Àwọn tó ń ṣe tábìlì ní Yúróòpù láyé àtijọ́ máa ń fọwọ́ gbẹ́ ẹ láti fi de ojú tábìlì mọ́ férémù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ jíìgì òde òní jù lọ ni Craig Sommerfeld, ará ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ oníṣẹ́ irin tó ń rọ irinṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, ó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi so férémù iwájú rẹ̀ pọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó fúnra rẹ̀ ṣe jíìgì kan, ibẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ Kreg ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n jíìgì kì í ronú fún ẹni tó mú un dání. Ohun mẹ́ta wà lọ́wọ́ oníṣẹ́: bí pákó ṣe nípọn tó, bí iṣan igi ṣe lọ, àti bí a ṣe fún pákó pọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ìsopọ̀ á dúró. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, jíìgì olówó iyebíye kò ní gbà á là.

Ẹ kọ́kọ́ wọn pákó yín

Ibi méjì ni a ti ń ṣètò fún bí pákó ṣe nípọn tó. Èkíní ni ara jíìgì fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ½, ¾ àti àwọn ìwọ̀n mìíràn sí. Èkejì ni òrùka irin tí a ń fi áléǹkíì dè mọ́ ara bíìtì láti dá a dúró. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí òrùka bá jìnnà sí ẹnu bíìtì jù, bíìtì á lu pákó já; bó bá sún mọ́ ọn jù, ihò kò ní jìn tó, sukúrù kò sì ní rí ọ̀nà gidi wọ inú pákó kejì.

Ẹ má fi orúkọ tí ọjà ń pe pákó ṣètò rẹ̀. Pákó tí ẹ rà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí oní-íǹṣì kan kì í tó íǹṣì kan mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ fá a dán. Lẹ́yìn fífá ni kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Kí ẹ sì rí i pé igi náà ti gbẹ, torí igi tútù máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, ìsopọ̀ tó ti le tẹ́lẹ̀ á wá dẹ̀.

Nínípọn yìí kan náà ló ń sọ gígùn sukúrù. Pákó ½ íǹṣì ń fẹ́ sukúrù íǹṣì 1. ¾ íǹṣì ń fẹ́ 1¼. 1½ íǹṣì ń fẹ́ 2½. Bí igi ṣe le tó ló ń sọ irú eyín tí sukúrù yóò ní. Eyín fífẹ̀ ló yẹ igi rírọ̀ bí arère, títí kan páláíwúùdù. Eyín wẹ́wẹ́ ló yẹ igi líle bí ìrókò àti apá, torí eyín fífẹ̀ lè la irú igi bẹ́ẹ̀. Abẹ́ orí sukúrù gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè jókòó lórí igi. Sukúrù dúdú tí wọ́n fi ń de bọ́ọ̀dù mọ́ àjà ilé kò yẹ iṣẹ́ yìí: orí rẹ̀ máa ń wọ igi bíi ṣóńṣó, ó ń là á, ọrùn rẹ̀ sì máa ń tètè kán.

Pákó wo ni a ó dá ihò sí?

Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kì í sábà bèèrè, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Pákó tí wọ́n là lára igi máa ń ní iṣan tó bá gígùn rẹ̀ lọ. Bí sukúrù bá wọlé ní ìdábùú iṣan náà, eyín rẹ̀ á gé iṣan wọlé, á sì dì í mú gírígírí. Bó bá gba ẹnu pákó wọlé, àárín àwọn iṣan ló ń gbà lọ, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan dì mú. Nítorí náà, pákó tí ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ èkejì ni ẹ ó dá ihò sí, kí sukúrù lè parí sínú ẹ̀gbẹ́ pákó kejì.

Ẹ fún pákó pọ̀ kí ẹ tó yí sukúrù

Ẹ fi kíláǹpù de jíìgì mọ́ pákó, ẹ wọ awò ìdáàbòbò ojú, kí ọwọ́ yín sì jìnnà sí ibi tí bíìtì ń lọ. Ẹ jẹ́ kí díríìlì ti máa sáré dáadáa kí bíìtì tó kan igi. Bó bá dé àárín, ẹ fà á sẹ́yìn kí ìyẹ̀fun igi lè jáde, kí ẹ tó tì í lọ títí òrùka yóò fi kan jíìgì.

Sukúrù tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń fẹ́ ti pákó kúrò lójú ibi tó wà. Ìdí nìyí tí kíláǹpù fi ṣe pàtàkì: ẹ fi de pákó méjèèjì kí ojú wọn dọ́gba, kí ẹ tó fi sukúrù sí i. Gọ́ọ̀mù igi díẹ̀ lójú ìsopọ̀ dára. Ẹ yí agbára díríìlì wálẹ̀, kí ẹ sì dúró bí orí sukúrù bá ti jókòó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ fi férémù kan bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣe férémù iwájú kọ́bọ́ọ̀dù tó ga ní íǹṣì 24, tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 18, pẹ̀lú pákó ¾ íǹṣì tó fẹ̀ ní íǹṣì 2. Ẹ gé pákó ìdúró méjì ní íǹṣì 24. Pákó ìdábùú méjì á jẹ́ íǹṣì 14, torí àwọn ìdúró méjèèjì ti gba íǹṣì 4 nínú 18. Orí pákó ìdábùú ni gbogbo ihò wà, méjì méjì lẹ́nu kọ̀ọ̀kan, ó di 8. Sukúrù 1¼ íǹṣì 8 ló máa parí rẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ dá gbogbo ihò sí kó má hàn níwájú. Kí ẹ tó yọ kíláǹpù, ẹ wọn igun kan sí igun kejì lápá méjèèjì. Bí wọ́n bá dọ́gba, férémù náà ò wọ́.

Ibi tí kò yẹ

Ẹ má fi sukúrù nìkan so ẹsẹ̀ àga tí ènìyàn á máa jókòó lé, tí á sì máa fà sẹ́yìn sówájú; ìsopọ̀ àwọn àgbà ló yẹ ibẹ̀. Ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù àti sukúrù de pákó kan ní ìdábùú ìkángun ojú tábìlì fífẹ̀. Igi máa ń wú ní ìbú rẹ̀ nígbà òjò, á sì sún kì nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá dè é pinpin, yóò là.

Ẹ lo àjákù pákó tó nípọn bákan náà dán gbogbo ètò yín wò kí ẹ tó fọwọ́ kan pákó gidi. Ẹ wò ó bóyá sukúrù yọ níta, bóyá ojú dọ́gba, bóyá pákó là. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ kò ní fi pákó olówó ṣòfò, kọ́bọ́ọ̀dù tó bá sì kàn yóò ṣeé gbé sínú ilé láìtijú.