ABẸ́RẸ́ ÌRỌBÍ ÀTI ỌMỌ TÍ KÒ FARA BALẸ̀

Bí ọmọ kan kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, tí ọkàn rẹ̀ kò sì dúró sójú kan, a kì í pẹ́ wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Olùkọ́ lè ní ọ̀lẹ ni. Òbí lè ní abẹ́rẹ́ ìrọbí tí wọ́n gún ìyá rẹ̀ ni ó fà á. Àwa kò gbà pé ó yẹ kí a dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìwádìí.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn ti ilẹ̀ Denmark yẹ ìtàn àwọn ọmọ tí ó lé ní 500,000 wò. Wọn kò rí i pé oxytocin, oògùn tí a fi ń mú ìrọbí yára, ni ó ń fa àìlèfọkànsí ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2021, wọ́n tún wo àwọn ọmọ Denmark àti Finland pọ̀. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè dá oògùn náà lẹ́bi. Ohun tí ó dájú ni pé àìsàn yìí a máa rìn nínú ìdílé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe na irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un jókòó níwájú, ẹ pín iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì gba òbí rẹ̀ níyànjú láti mú un lọ rí dókítà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sọ abẹ́rẹ́ náà di omi mímu. Nígbà tí ilé-ọmọ bá ń fún pọ̀, èémí tí ọmọ ń gbà láti ara ìyá a máa dínkù. Ìgbà tí ó bá dẹ̀ ni ọmọ ń sinmi. Bí oògùn bá pọ̀ jù, kò ní sí ìsinmi. Ọmọ lè kú, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́. Ilé-ọmọ pàápàá lè fàya. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣọ́ ìyá àti ọmọ, tí wọ́n sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ, nìkan ni ó yẹ kí a ti lò ó láti mú ìrọbí yára.

Oògùn yìí kan náà ni a ń gún ìyá lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wálẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà pa á. Kí aláboyún kankan má ṣe kọ èyí. Ibi tútù ni a sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, agbára rẹ̀ ti lọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè fún Akinyẹle, Lagelu, Ẹgbẹda àti Ọna-Ara kò ju mẹ́ta lọ: agbẹ̀bí tí ó kọ́ iṣẹ́, fìríìjì tí iná rẹ̀ kì í kú, àti ọkọ̀ tí yóò gbé aláboyún láti oko dé ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH ní Ìbàdàn lóru. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí àwọn olùdíje bá wá tọrọ ìbò ní Mọniya tàbí Akanran, ẹ bi wọ́n léèrè àwọn mẹ́ta yìí kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún wọn.