Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òde àríyá wa ni a fẹ́ sọ.

Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ẹnìkan bá kọ mọ́ínmọ́ín, tàbí tí ó ń fi omi ti gbogbo òkèlè, kíá ni àwọn kan á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di òyìnbó. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń bá a jà. A rò pé ó tó gẹ́ẹ́.

Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní eosinophilic oesophagitis. Láàárín 1993 sí 1994 ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró. Eosinophil jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa. Oúnjẹ tí kò bá ara aláìsàn náà mu á mú kí wọ́n ya bo ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti ọ̀fun lọ sí ikùn. Ibẹ̀ á wú. Bó bá pẹ́, á le, á fún, òkèlè á sì máa há. Wàrà màlúù, àlìkámà, ẹyin, sóyà, ẹ̀pà, ẹja àti edé ló sábà ń fà á. Kí dókítà tó mọ̀ ọ́n dájú, ó ní láti ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí sí ọ̀fun, kí ó já ẹran ara díẹ̀ níbẹ̀ lọ wò. Ìtọ́jú wà. Oògùn ń ṣiṣẹ́, yíyẹra fún oúnjẹ tó ń fà á náà sì ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé fún àgbàlagbà, yíyọ wàrà nìkan kúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú yíyọ irú oúnjẹ mẹ́fà.

Àwọn baba wa kì í fi èèwọ̀ ṣeré. Ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, kò sì sí ẹni tí ń fi ipá bu ú fún un. Bí a bá ń bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ òrìṣà, kí ló dé tí a kò lè bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ ara?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹni tó bá se oúnjẹ òde àríyá kọ ohun tó wà nínú ìkòkò sí pépà, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: ẹyin àti ẹja inú mọ́ínmọ́ín, edé inú ẹ̀fọ́, ẹ̀pà inú sùyà. Àlìkámà ni sẹ̀mó. Iyán, àmàlà àti ẹ̀bà kì í ṣe àlìkámà. Àwọn kan á ní wàhálà ni. Pépà àti báírò kò tó wàhálà àtigbé ènìyàn lọ sí ọsibítù lóru.

Bí òkèlè bá há ẹnikẹ́ni tí kò lè gbé itọ́ mì, ẹ má fi òkèlè ẹ̀bà tì í bí a ti ń ṣe fún eegun ẹja nílé. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ̀yin tí oúnjẹ ti ń há lọ́fun, tí ẹ ń fi omi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó yọ oúnjẹ kankan kúrò.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: olójúkòkòrò ni àwọn àgbà fi ń bá wí. Ẹ jẹ́ kí àwa máa fi í ṣọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Ire o.